Àga Tó Kọjú sí Ganiatou

Bí ẹ bá béèrè Tadjoudine lọ́wọ́ àwọn ará Anoumabo, wọn á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í bá èèyàn jà, tí kì í gbé ohùn sókè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n owú tó wà nínú ọmọkùnrin yẹn, erin kò lè rù ú. Owú yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀ kí obìnrin náà tó di ìyàwó, bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Iṣẹ́ fídíò ni Tadjoudine ń ṣe. Ìgbéyàwó o, ìsọmọlórúkọ o, ìkíni káàbọ̀ àwọn tó ti Mẹ́kà dé, òun ni àwọn Yorùbá tó wà ní Marcory àti Treichville máa ń pè. Èjìgbò ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Abidjan ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Nimotou, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Tadjou, ń rán aṣọ ọmọdé tà nínú yàrá iwájú ilé wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2002, wọ́n pè é sí ìsọmọlórúkọ kan ní Anyama. Bó ṣe ń yàwòrán lọ, ó gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ti gé ìyá ọmọ kúrò nínú àwòrán yín."

"Bàbá ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́," Tadjoudine dáhùn láì wẹ̀yìn.

"Kí bàbá máa sọ̀rọ̀. Ìyá ló bímọ."

Ó wẹ̀yìn wàyí. Ọmọbìnrin tó dúró síbẹ̀ ga, ojú rẹ̀ kò sì wolẹ̀ rárá. Ganiatou ni, ọmọ Àlàájì Alidou tó ń ṣòwò obì ní Anyama. Tadjoudine rẹ́rìn-ín, ó sì yí kámẹ́rà sí ìyá ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́.

Tàǹtí Odette ló so wọ́n pọ̀. Onídìrí ni, ọmọ Kétou, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti Ìyá Tadjou. Òun ló ń ṣe irun Ganiatou, òun náà ló sì júwe Anoumabo fún un nígbà tó ní òun ń wá ẹni tó mọ kámẹ́rà lò dáadáa. Ganiatou ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Kì í ya àwòrán sára ògiri. Ara rẹ̀ àti fídíò ló fi ń ṣiṣẹ́.

"Gbogbo fíìmù tí mo wò dàgbà," ó ṣàlàyé fún Tadjoudine, "obìnrin tó bá wọ aṣọ pupa, tó kun ètè, tó sì mọ ohun tó ń fẹ́, òun ni ikú ọkùnrin. Femme fatale ni àwọn Faransé ń pè é. Ọkùnrin á wò ó, á wò ó, á ṣubú fúnra rẹ̀, á wá ní obìnrin náà ló ti òun. Kò sí ẹni tó ń kọjú kámẹ́rà sí ọkùnrin tó ń wò ó."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Màá wọ aṣọ pupa náà. Màá jókòó, mi ò ní sọ̀rọ̀. Àga kan á wà níwájú mi. Àwọn ọkùnrin á máa wá jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á sọ ohun tí obìnrin ṣe fún wọn, wọn á sọ ọ́ sí mi bí ẹni pé èmi ni obìnrin náà. Ẹ̀yìn mi ni kí kámẹ́rà wà. Ojú tiwọn ni ẹ máa yà. Mo fẹ́ pe iṣẹ́ náà ní 'Ẹ Sọ Ohun Tí Mo Ṣe'."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Tadjoudine tán, ṣùgbọ́n ó ní òun gbà. Bí Ganiatou bá ní kí òun wá ya iyanrìn létí òkun láti àárọ̀ dalẹ́, òun á gbà.

Ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Gonzagueville ni wọ́n lò, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá Ganiatou, níbi tí ariwo òkun ti ń wọlé láti gbogbo ojú fèrèsé. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ọkùnrin tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì á ra àtíéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ẹja díndín, wọn á jókòó sẹ́bàá omi. Níbẹ̀ ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Níbẹ̀ náà ni Tadjoudine ti la ẹnu rẹ̀.

"Ganiatou, mo fẹ́ ẹ. Mi ò ṣeré."

Ganiatou gbọn iyanrìn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Mo gbọ́. Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ yìí ná. Mi ò fẹ́ fi ojú ẹni tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú mi dá ẹ lóhùn."

Èsì yìí dùn ún, ó sì tún bà á nínú jẹ́. Nítorí iṣẹ́ náà gan-an ni kò jẹ́ kí ó gbádùn. Lẹ́yìn kámẹ́rà tó wà, ọrùn Ganiatou nìkan ló ń rí, àti yẹtí kan. Ojú rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sórí àga yẹn ló ń wò ó. Ọ̀kan á ní, "Ìwọ lo jẹ ṣọ́ọ̀bù mi run." Òmíràn á ní, "Ìwọ lo ní kí n lé ìyá mi jáde." Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi ojú jẹ ẹ́. Tadjoudine á máa bi ara rẹ̀ pé irú ojú wo ni Ganiatou ń ṣe sí wọn tí wọ́n fi ń pẹ́ tó báyìí. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín ni? Tó bá délé, á tẹjú mọ́ kásẹ́ẹ̀tì, á máa wá ìdáhùn nínú ojú àwọn ọkùnrin náà. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tadjoudine rù títí ìyá rẹ̀ fi béèrè bóyá ibà ló ń ṣe é.

Ọkùnrin kẹwàá, tó tún jẹ́ ìkẹyìn, ni Ignace. Tíṣà ìṣirò ni, ó fẹ́ padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Bouaké kí ilé ìwé tó wọlé. Ó jókòó, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́, ó bẹ̀rẹ̀ bí àwọn tó kù.

"Ìwọ lo ba ayé mi jẹ́. O jí ọmọ mi gbé sá lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn."

Ó tún fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́. Nígbà tó tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Irọ́ ni. Mo ń lù ọ́. Mo lù ọ́ títí o fi sá. Ìgbà tí o lọ tán ni mo wá ń pè ọ́ ní apani."

Ignace bú sẹ́kún. Ganiatou, tí kò mira níwájú ọkùnrin mẹ́sàn-án, na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún jáde, ó gbé e lé ọwọ́ Ignace.

Lẹ́yìn kámẹ́rà, nǹkan kan já nínú Tadjoudine.

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, ó jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Anoumabo pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì náà. Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe ni pé kó yà á sórí òmíràn, kí ó lè jẹ́ méjì. Dípò ìyẹn, ó ń wò ó, ó ń dá a padà, ó tún ń wò ó. Ọ̀rọ̀ tí Ignace ń sọ kò wọ etí rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ yẹn nìkan ló ń rí. Ó ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi wà níbẹ̀. Mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá gbáko, ó wí lọ́kàn rẹ̀, èmi tí mo ti ń bá a jókòó létí òkun láti oṣù méjì, ọwọ́ rẹ̀ kò kàn mí rí.

Lára kásẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n máa ń tì sápá kan kí ẹnikẹ́ni má baà ya nǹkan mìíràn lé e lórí. Ganiatou ti tì í fúnra rẹ̀. Tadjoudine fi èékánná tì í padà. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ kámẹ́rà, ó fi ìdérí bo ojú kámẹ́rà, ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yà, ó sì jáde lọ jókòó síta. Ìyá rẹ̀ bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó wọlé padà, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà ti di dúdú.

Ó sọ fún Ganiatou pé ẹ̀rọ ló ba á jẹ́. Ganiatou wò ó, ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe pọ́n, ó rò pé ìbànújẹ́ iṣẹ́ ni.

"Má pa ara ẹ," ó ní. "A ó pe Ignace padà nígbà ìsinmi."

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án, ogun dé, ó sì pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì. Ọ̀nà Bouaké dí. Fóònù Ignace kò wọlé mọ́. Ganiatou sunkún lọ́jọ́ tó yé e pé òun kò ní rí i mọ́. Tadjoudine náà sunkún, òun nìkan ló sì mọ ohun tó ń sun. Inú ẹkún yìí ni Ganiatou ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tadjou, o bi mí ní nǹkan létí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ni èsì mi."

Ẹ ò rí nǹkan. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sì lè dì í mú dáadáa, nítorí orí irọ́ ló ti gbà á.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi iṣẹ́ náà hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Cocody láìsí Ignace nínú rẹ̀. Àwọn kan yìn ín. Ìwé ìròyìn kan tẹ àwòrán Ganiatou pẹ̀lú aṣọ pupa, ó kọ "femme fatale ti Anyama" gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan gbé e wá fún Ìyá Tadjou.

"Tadjou, ta ni èyí?"

"Ganiatou ni, maman. Tí mo sọ fún yín."

"Mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo ní ta ni. Wọ́n ní apani ni."

"Kò yé ẹni tó kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé..."

"Ọkùnrin mẹ́wàá ń wọlé tọ̀ ọ́ nínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ọmọ mi ń yà wọ́n. Èmi ni kò yé?"

"Maman, mùsùlùmí ni, ọmọ Yorùbá ni, ọmọ ilé ire ni. Kí ló tún kù?"

"Ìtìjú ló kù," Ìyá Tadjou wí, ó sì fà sẹ́yìn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Kò ní bá mi gbé inú ilé yìí."

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ibì kan nínú Tadjoudine gbà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Tó bá rí Ganiatou tó ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, á gbọ́ ohùn kan tó ń wí pé, o rí i? O rí i? Á wá rántí kásẹ́ẹ̀tì, ojú á tì í.

Tàǹtí Odette kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi ń lọ, tó ń bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," á sọ fún Ìyá Tadjou, "ọmọ tí mo ń ṣe irun rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní kékeré, ṣé n kò ní mọ ìwà rẹ̀? Irun orí èèyàn kì í purọ́ fún onídìrí." Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá náà rọ̀. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa lọ tọrọ Ganiatou, ní ìparí ọdún 2004.

Kí ọjọ́ náà tó pé, Àlàájì Alidou ránṣẹ́ pe Tadjoudine sí Anyama. Ó fún un lómi mu, ó bi í léèrè iṣẹ́, ó bi í léèrè àdúrà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìbéèrè kan ló kù. Ǹjẹ́ ohun kan wà nípa rẹ tí ọmọ mi kò mọ̀?"

"Kò sí, bàbá."

"Ó dáa," Àlàájì wí, ó sì súre fún un.

Àdúrà yẹn kò jẹ́ kó lè wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò, padà sí Adjamé. Ó dúró ní ibùdókọ̀, gbaka mẹ́ta kún, wọ́n lọ. Ó padà sí ilé náà, ó bi Ganiatou pé níbo ni wọ́n ti lè sọ̀rọ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀: bọ́tìnnì, ìdérí, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá.

Ganiatou kò pariwo.

"Lọ gbé kámẹ́rà rẹ," ó ní. "Wá bá mi ní Gonzagueville lọ́la ní ọ̀sán."

Nígbà tó débẹ̀, aṣọ pupa ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ganiatou to kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó jókòó, ó sì nawọ́ sí àga tó wà níwájú rẹ̀.

"Sọ ohun tí mo ṣe."

Tadjoudine jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa rí ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn rí. Ojú Ganiatou kò rẹ́rìn-ín, kò bínú, kò pe èèyàn, kò lé èèyàn. Ojú tó ń gbọ́ni lásán ni.

"O gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀. "O ò gbé e lé tèmi rí. O ní kí n dúró, mo dúró. O jẹ́ kí gbogbo wọn máa wò ẹ́." Ó ń wá èyí tó kù. Òkun ń ru lẹ́yìn fèrèsé. "O ò ṣe nǹkan kan fún mi," ó ní. "Èmi ni mo tú bọ́tìnnì. Mo gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ, mo mọ̀ pé òótọ́ ni, mo sì pa á rẹ́ torí ọwọ́. Mo tún jẹ́ kí o máa tù mí nínú. Àna ni mo purọ́ fún bàbá ẹ."

Ganiatou kò gbé ọwọ́ lé tirẹ̀. Ó dìde, ó pa kámẹ́rà, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì.

"Òótọ́ Ignace ni o jí. Tìrẹ ló máa dí àlàfo rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, gbogbo èèyàn á sì wò ó. Ṣé o gbà?"

Ó ro ìyá rẹ̀. Ó ro gbogbo àwọn tó ń pè é sí ìgbéyàwó wọn. "Tí mo bá gbà, ṣé..."

"Mi ò ṣèlérí nǹkan kan. Ìtọrọ yẹn ti fọ́."

"Mo gbà," Tadjoudine wí.

Ó fi ara rẹ̀ lọ bẹ Àlàájì, Àlàájì kò sì dá a lóhùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, wọ́n tún fi iṣẹ́ náà hàn. Tàǹtí Odette mú Ìyá Tadjou dání. Obìnrin náà ti múra ìjà lọ. Ó jókòó nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn, ó gbọ́ àwọn mẹ́sàn-án, ó gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ṣe ìkẹwàá. Nínú tákísì, bí wọ́n ṣe gun afárá, ó kọjú sí Tadjoudine tó jókòó tì í.

"Bàbá rẹ gé aṣọ mi," ó wí.

"Aṣọ wo, maman?"

"Léèsì méjì. Sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ló fi gé wọn, torí pé ọkùnrin kan kí mi ní Adjamé. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ìfẹ́ ló pọ̀ jù. Ìwọ wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, o jókòó, ò ń wò ó." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo rò pé èmi nìkan ni mo tọ́ ẹ. Mi ò mọ̀ pé òun náà ń tọ́ ẹ."

Ọ̀sẹ̀ náà kò pé tí Ìyá Tadjou fi wọ gbaka lọ sí Anyama. Tàǹtí Odette ló wá ròyìn rẹ̀ fún Tadjoudine.

"Ó ní, 'Ganiatou, ìwé ìròyìn pè ẹ́ ní apani, mo gbà wọ́n gbọ́. Forí jì mí. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ kí o fẹ́ ọmọ mi o. Bó bá ṣì rí báyìí, má fẹ́ ẹ.' Tadjou, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe alárinà, mi ò rí i rí kí ìyá ọkọ ní kí wọ́n má fẹ́ ọmọ òun."

"Kí ni Ganiatou sọ?"

"Ó bu omi fún un. Wọ́n jọ jẹun. Kò dárúkọ rẹ."

Ọdún méjì kọjá báyẹn. Àwọn kan kò pe Tadjoudine síbi ìgbéyàwó mọ́. Àwọn kan pè é, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í lọ sí Anyama. Bí ó bá pàdé Ganiatou nílé Tàǹtí Odette, á kí i, á sì máa lọ kí owú tó rí àyè sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2007, ọ̀nà Bouaké ṣí. Ganiatou fúnra rẹ̀ ló wá sí Anoumabo.

"Mo ti gbúròó Ignace. Ó wà láàyè, ó ṣì ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Mo fẹ́ lọ kí i. Ṣé wàá bá mi lọ?"

Gbogbo ara Tadjoudine ló ń pariwo pé lọ, jókòó sáàárín wọn. Ó jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀.

"Mo fẹ́ lọ," ó ní. "Àmọ́ owú ló fẹ́ kí n lọ, kì í ṣe Ignace. Bá mi mú lẹ́tà kan dání."

Ó kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú lẹ́tà náà ní èdè Faransé, ó tọrọ àforíjì, ó sì fi í fún un láì lẹ̀ ẹ́. Ganiatou lo ọjọ́ mẹ́rin ní Bouaké. Ìyá Tadjou gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó gbé e kúrò. Lọ́jọ́ karùn-ún, ní àárọ̀, Ganiatou yọ lẹ́nu ọ̀nà, eruku ìrìn àjò ṣì wà lára bàtà rẹ̀.

"Ó ka lẹ́tà rẹ," ó ní. "Kò fẹ́ kí n tún ya òun. Ó ní ọjọ́ tí òun ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni òun ti kọ̀wé sí ìyàwó òun. Obìnrin náà kò padà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ó rí ọmọ."

"Ọlọ́run ṣeun."

Ganiatou jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. "Ọdún márùn-ún ti lọ, Tadjou. Ṣé owú náà ti tán?"

Ó mọ èsì tó máa gbé e wọlé. Ó ti fi í dánra wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

"Kò tán," ó wí. "Láti ọjọ́ tí o ti lọ, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ń rí yín tí ẹ jọ jókòó."

"O ò pè mí lórí fóònù."

"Mo ń gbé e, mo ń gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ pé ó ń ṣe mí."

Ganiatou gbọn eruku bàtà rẹ̀ nù.

"Ká ní o sọ pé ó ti tán ni," ó ní, "ǹ bá mọ̀ pé irọ́ ni, ǹ bá dìde. Lọ sọ fún Tàǹtí Odette kí ó wá rí bàbá mi."

Ó di oṣù mẹ́ta kí Àlàájì Alidou tó gbà, ó sì jẹ́ kí wọ́n dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó tó ní kí wọ́n jókòó. Ọjọ́ Sátidé kan tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní Anyama. Nígbà tí ó kan kí wọ́n béèrè bóyá ọmọbìnrin gbà, Ìyá Tadjou ló kọ́kọ́ dá gbogbo ilé lẹ́kun. "Ẹ dákẹ́ ná," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀." Gbogbo ilé dákẹ́, òjò nìkan ló ń dún lórí páànù, Ganiatou sì ní òun gbà.